Owó Ilé Tó Di Mọ́tò Onílẹ̀kùn Méjì

                                        Ẹ̀yìn Mọ́sálásí,
                                        Àdúgbò Ali Kazaure,
                                        Jọ́ọ̀sì,
                                        Ìpínlẹ̀ Plateau.
                                        20 Oṣù Kẹwàá, 2024.

Àtinúkẹ́, Ìyá Inúmidùn, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àléékùn. Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá Inúmidùn ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Inúmidùn fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ràn báyìí, àbí ẹnu rẹ̀ ṣì mú bíi tìrẹ nígbà tí a jọ wà níléèwé ní Dilimi? Ooru Ìlọrin ńkọ́? Níbí, òtútù ti ń yọjú láàárọ̀, àwọn ọmọ sì ti ń bára wọn du bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ara wa le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àmọ́ bí o bá béèrè inú mi, inú mi ò dùn, n ò sì ní purọ́ fún ọ.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi lẹ́yìn Iléyá, tí o ń kí mi kú oríire mọ́tò. O tún fi òmíràn ránṣẹ́, o ní kí ló dé tí n ò fèsì, ṣé mo ti di ìyàwó olówó ni. Èsì náà nìyí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sọ lórí fóònù nígbà tí ọkọ ẹni jókòó sí tòsí, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

O rántí ilé tí a ń gbé yìí. Inú rẹ̀ ni mo ti bí gbogbo ọmọ mi. Àwa la gbẹ́ kànga ẹ̀yìnkùlé, àwa la pààrọ̀ páànù orí rẹ̀ nígbà tí Alhaji tó ni ín ṣì wà láyé tí ọwọ́ rẹ̀ ò sì dilẹ̀. Lẹ́yìn tí Alhaji kú, àwọn ọmọ rẹ̀ pè wá lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní àwọn fẹ́ ta ilé náà kí àwọn lè pín ogún, àmọ́ nítorí bí a ṣe bá bàbá àwọn gbé, àwa ni àwọn máa kọ́kọ́ tà á fún, àwọn á sì ṣẹ́ owó kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n fún wa láyè di ẹ̀yìn Iléyá ọdún yìí. Àtinúkẹ́, mo sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi tí ayálégbé bí, tí ayálégbé tún fẹ́.

Ìgbà ìkórè ni. Èmi àti Bàbá Zaynab, ọkọ mi, da owó pọ̀, tèmi láti inú òkìrìkà tí mò ń tà, tirẹ̀ láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Dilimi, a fi ra ẹ̀wà, a kó o pamọ́. O mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń ṣe é níbí: ra ọjà nígbà tó pọ̀, tì í mọ́lé, jẹ́ kí òjò bẹ̀rẹ̀ kí o tó gbé e jáde. Ẹ̀wà náà gbówó lórí débi pé ẹ̀rù bà mí. Nígbà tí a fi máa tà á lóṣù Karùn-ún, owó tó wọlé ku díẹ̀ kó tó owó ilé. Mo ní kí a lọ bẹ àwọn ọmọ Alhaji, kí wọ́n jẹ́ ká san díẹ̀ tó kù náà bó bá yá. Ibẹ̀ ni Ṣàíbù ọkọ mi ti gbé tirẹ̀ dé.

Ó ti lọ rí mọ́tò kan lọ́dọ̀ dílà kan lọ́nà Kuru. Tòkunbọ̀ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní spọ́ọ̀tì, pupa bẹ́ẹ̀, onílẹ̀kùn méjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi àyà wọ́lẹ̀. Ó ní kí a fi owó ẹ̀wà rà á, kí òun wà á lọ ṣe Iléyá n'Ílọrin, kí a tà á nígbà tí a bá dé, kí á fi èrè orí rẹ̀ kún owó ilé. Ó ní owó mọ́tò kì í já ní Nàìjíríà, náírà ló ń já. Ó ní Píjò tí bàbá òun fi kó obì lọ kó obì bọ̀ fún ọdún gbọọrọ, iye tó tà á ju iye tó rà á lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ayé ló ń wá Píjò nígbà náà, kò sì sí mẹkáníìkì abẹ́ igi tí kò lè tún un ṣe. Ta ló ń wá eléyìí?

Ó ní dílà ti ṣàlàyé fún òun pé ọdún bíi mélòó kan àkọ́kọ́ ni owó irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ máa ń já, pé òyìnbó tó kọ́kọ́ rà á ti jẹ gbogbo àdánù náà tán, àwa á kàn wá jẹ èrè ni. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní Bàbá Zaynab, ohun tó já láti orí òrùlé tó há sórí ògiri, ilẹ̀ ṣì kù tó máa já sí. Mo ní nínú òkìrìkà tí mò ń tà, aṣọ tó dára jù kọ́ ló ń yá jù, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn lè wọ̀ ni. Ẹ̀wù ìgbéyàwó òyìnbó kan tó rẹwà gan-an, mo gbé e kọ́ títí eruku Jọ́ọ̀sì fi sọ ọ́ di pupa. Owó ṣòkòtò ọmọdé ni mo padà gbà lórí rẹ̀. Mo ní epo ńkọ́, tí owó rẹ̀ ń gòkè lójoojúmọ́? Sípéà ńkọ́, ta ló ń tà á nílùú yìí? Ẹ̀wà inú àpò kì í mu epo, jíà rẹ̀ kì í sì í bàjẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Mo rò pé ó gbọ́ lóòótọ́.

Kì í ṣe èrè ló ń lé. Abdulrasaq àbúrò rẹ̀ tó wà l'Ékòó ló gbé jíípù wálé ní Iléyá èṣí. Ìwọ náà wà níbẹ̀, o rí bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò síwájú níbi tí wọ́n ti ń pín ẹran, tí wọ́n ń bi ọkọ mi pé ará òkè-ọya, ṣé ànàmọ́ òyìnbó ni ẹ ṣì ń jẹ lọ́hùn-ún. Àkọ́bí bàbá wọn ni o. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, kò sì gbàgbé.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo ti ọjà dé, mo bá àwọn ará àdúgbò tí wọ́n pé lé mọ́tò pupa lórí níwájú ilé wa. Òun dúró láàárín wọn bí ọkọ ìyàwó. Mo gbé ẹrù mi kọjá, mo wọlé, mo jókòó sórí ìdì aṣọ. Owó mi wà nínú mọ́tò yẹn, kò sì bi mí léèrè. Àwọn àgbà tí mo ké sí sọ́rọ̀ náà ní ọkùnrin ló mọ̀ nípa mọ́tò, kí n fi sùúrù ṣe é. Sai hankuri, sai hankuri, ìyẹn nìkan ni gbogbo wọn rí sọ.

Ohun tí ẹ ò sì rí nínú fọ́tò mọ́tò tí wọ́n ń pín kiri n'Ílọrin nìyí: ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà ju àpò ìrẹsì kan lọ. Ọkọ mi nìkan ló wà á dé ilé. Èmi àtàwọn ọmọ wọ bọ́ọ̀sì, a gbé ẹrù lé ẹsẹ̀, a sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì, a gun kẹ̀kẹ́ Màrúwá wọ àdúgbò. Ká tó dé, wọ́n ti ń kì í. Wọ́n pè é síwájú níbi ẹran lọ́dún yìí, odindi itan ni wọ́n gé fún un. Itan àgbò tó wọ́n jù tí mo jẹ rí láyé mi nìyẹn.

Lọ́nà àbọ̀, kòtò kan gbá a nísàlẹ̀, jíà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó gbé e padà lọ fún dílà. Dílà kan náà tó ní owó rẹ̀ ò lè já mọ́ ló ní òun ò lè san ju ìdajì lọ, ó ní ta ló fẹ́ ra mọ́tò tó ń mu epo tó báyìí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nínú yàrá ló tún sọ fún ọkọ mi, ti dílà ló wá gbọ́. Síbẹ̀ kò tà á. Ó ní òun á tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi gbówó lórí. Ó da tápólì bò ó ní àgbàlá, bí ẹni tó kó ẹ̀wà pamọ́. Òjò ń rọ̀ sí i, owó ń já. Ẹni tó wá wò ó lóṣù Keje dá iye kan. Ti oṣù Kẹjọ ò dá tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí epo tún gbówó lórí, ẹni tó wá ò tiẹ̀ dá iye kankan, fọ́tò ló yà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn ọmọ Alhaji dúró dè wá kọjá àdéhùn. Wọn ò ṣẹ̀ wá. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ta ilé fún Alhaji Yàkúbù tó ń ta táyà, ọmọ Ìlọrin bíi tiwa. Ó ní òun fúnra òun fẹ́ máa gbé iwájú ilé, kí a wá ibòmíràn lọ. Ọkọ mi lọ bẹ̀ ẹ́ títí. Níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní àgbàlá ni Alhaji Yàkúbù ti ṣí tápólì, tí ojú rẹ̀ sì là. Ó ní òun á gba mọ́tò náà bẹ́ẹ̀, kí a máa gbé yàrá ẹ̀yìn fún ọdún márùn-ún.

Bàbá Zaynab sáré wọlé wá sọ fún mi, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní ìyẹn ju iye tí dílà dá lọ, ó ní ṣé mo rí i pé owó mọ́tò náà ò já tó bí mo ṣe rò. Kì í ṣe èèyàn burúkú, Àtinúkẹ́. Kì í nà mí, kì í mutí, ó fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ̀. N ò mọ ibi tí n bá ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé fún un. Owó tí a ì bá fi di onílé ló di owó ilé ọdún márùn-ún, nínú yàrá tí mo fi ọwọ́ ara mi kùn. Tó bá pé, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó ilé.

Mo gbà. Kí ni n bá ṣe? Ọjà mi wà nítòsí, iléèwé àwọn ọmọ wà nítòsí, a ò sì ní kọ́bọ̀ tí a fi lè kó lọ. Àmọ́ inú ń bí mi. Inú ń bí mi tí mo bá jí, inú ń bí mi tí mo bá ń fọ abọ́. Wọ́n ní kí n gba kámú. N ò tíì gbà á.

Tí Bàbá Inúmidùn bá ṣì fẹ́ ra mọ́tò bí o ṣe sọ, ẹ má kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ẹ béèrè iye tí ẹlòmíràn máa fi rà á lọ́wọ́ yín lọ́dún méjì òní. Tí ẹ ò bá ti rí ẹni náà lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Bá mi kí òun àti Inúmidùn, bá mi kí ìyá rẹ, kí o sọ fún wọn pé mò ń gbàdúrà fún wọn. Àwọn ẹbí ọkọ mi tó wà ládùúgbò yín, má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ o. Wọ́n ṣì rò pé mọ́tò náà jẹ́ tiwa. N ò fẹ́ kí wọ́n tún fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo fẹ́ kọ jù báyìí lọ, àmọ́ Alhaji Yàkúbù ti ọjà dé, ó ń tẹ họ́ọ̀nù mọ́tò pupa náà lẹ́nu géètì. Ayálégbé ló ń ṣí géètì fún onílé. Jẹ́ kí n lọ ṣí i fún un.

                                        Èmi ni tìrẹ, bó ti wù kó rí,
                                        Kabirat, Ìyá Zaynab.