Gíláàsì Pupa Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́ Yín

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Bí ẹ bá wà ní ìdúró, ẹ jókòó kí ẹ tó gbọ́ èyí. Bí ẹ bá wà ní ìdùbúlẹ̀, ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ńlá ló ṣẹlẹ̀ nílé wa. Gíláàsì pupa ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yín, èyí tó máa ń tàn bí iná mọ́tò bá kàn án, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìyá kò tíì gbọ́.

Wọn ò jí i. Èmi ni mo yá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nílé ẹ̀kọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ wa ló pàṣẹ pé kẹ̀kẹ́ tí kò bá ní gíláàsì lẹ́yìn kò gbọdọ̀ wọlé, nítorí iná òpó ojú ọ̀nà inú ọgbà kò tó, ibẹ̀ ṣókùnkùn, àwọn típà tó ń kó yanrìn sì ń gbabẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ni wọ́n máa ń yẹ kẹ̀kẹ́ wò, torí Bàbá Súbérù tó ń ṣọ́ gèétì kì í ríran dáadáa bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Kẹ̀kẹ́ wa nìkan ló ní gíláàsì. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fi etí bùbá nù ún kí ẹ tó lọ sí ilé kéwú nírọ̀lẹ́, tí ẹ ó sún sẹ́yìn, tí ẹ ó máa wò ó bí ẹni ń wo ojú ọmọ tuntun. Ibà ló mú yín lọ, kì í ṣe mọ́tò. Gíláàsì yẹn ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Nítorí náà la ṣe dá ọgbọ́n kan. Bí mo bá ti wọlé, mo máa ń tú u, mo máa ń nà án kọjá ògiri sí ẹni tó kàn. Òun náà á fi rọ́bà dè é, á wọlé, á nà án sí ẹlòmíràn. Bàbá Súbérù mọ̀. Lọ́jọ́ kan ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá gíláàsì náà sọ̀rọ̀: “Ìwọ tún nìyí. Ṣé kò rẹ̀ ọ́ ni?” Ó sì ṣí gèétì.

A rẹ́rìn-ín títí. Ní gèétì, gbogbo kẹ̀kẹ́ ló ní gíláàsì. Lójú ọ̀nà, kò sí ọ̀kan tó ní.

Sìdí àbúrò mi obìnrin, tí ẹ fi sílẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan pẹ́dàlì, ti wọ ilé ẹ̀kọ́ wa báyìí. Òun ló máa ń gun kẹ̀kẹ́ yín bọ̀ wálé nírọ̀lẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìbòrí rẹ̀ ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Típà ló fà á,” ó ní, bí ẹni ń sọ pé ẹ̀gún lásán ló fà á. “Dẹ́rẹ́bà yẹn ò rí mi, bọ̀ọ̀dá mi. Èmi ni mo rí i.”

Mo ní kó máa fẹsẹ̀ rìn. Ó ní ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn náà ò ní gíláàsì lẹ́yìn.

Mo wá gíláàsì yín lọ. Ó ti kọjá ògiri, kò padà. Àwọn ọmọ ti kun ìdérí agolo ní ọ̀dà pupa, òun ni wọ́n ń nà síra wọn báyìí. Kì í tàn rárá. Bàbá Súbérù gbà á. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé níbo ni tiwa wà, ó ní, “Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣebí o ti wọlé.”

Bàbá, kí lẹ máa ń ṣe bí mọ́tò bá ń bọ̀ lẹ́yìn yín lókùnkùn? Ṣé ẹ máa ń yà sínú koríko ni, àbí gíláàsì yẹn lẹ gbójú lé? N ò bi yín nígbà tí ẹ lè dáhùn.

Wọ́n ti kí ìrun Mọ̀gàríbì tán. Sìdí kò tíì dé. Láti ẹnu ọ̀nà wa níbí, mo ń gbọ́ ìró típà. Mo ń lọ pàdé rẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú fún títí tó fi mọ̀ ọ́n gùn.

Mo da ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gèétì lónìí kọ síbí, kí ẹ má baà rò pé a ò ní alábòójútó:

ÌKÉDE. A ń fi tó gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ létí pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé kò sí kẹ̀kẹ́ kankan nínú ọgbà yìí tí kò ní gíláàsì. Nítorí náà, a kò nílò iná ojú ọ̀nà mọ́. A ó tú àwọn òpó iná tó wà níbẹ̀, a ó sì rì wọ́n sí ẹnu ọ̀nà ilé àwọn ọ̀gá ní GRA. A dúpẹ́ fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yín.