Ọjọ́ Tí Mo Kúnlẹ̀ Létí Pápá ní Hellersdorf

Dádì mi àtàtà,

Ẹ kú àtọjọ́. Mo ní ìròyìn fún yín, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ́kọ́ sọ ibi tó parí sí. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di etí tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ èsì eré tí ẹ ti gbà sílẹ̀ sínú fídíò. Mọ́mì á máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin á máa kọrin sókè kí ẹ má baà gbọ́. Torí náà, màá tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Ṣé ẹ rí i? Nígbà tí ẹ wà láyé, ẹ máa ń bá mi sọ Yorùbá, èmi á fi èdè Jámánì dá yín lóhùn. Ní báyìí, gbogbo Sátidé ni mò ń lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ Sístà Ṣadé. Àmì orí ọ̀rọ̀ ṣì ń dà mí láàmú, àmọ́ mi ò ní dúró.

Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń sọ ìtàn yín. Ní Èkó, ẹ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba owó oṣù torí básíkẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà, nígbà tí ará ilé yín ò tíì gbà pé iṣẹ́ ni. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé bàbá yín wo apẹ̀rẹ̀ tí ẹ ń ju bọ́ọ̀lù sí títí, wọ́n ní: “Àwọ̀n tí ò nídìí! Ẹja wo lo fẹ́ fi mú?” Ẹja tí ẹ mú pọ̀, Dádì. Ẹgbẹ́ kan ní Lichtenberg ló gbà yín wá sí Berlin. Mo máa ń dúró lójú fèrèsé ilé gogoro wa ní Hellersdorf, kí n wò yín bí ẹ bá ń bọ̀ láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin U-Bahn. Orí yín ló máa ń yọ láàárín èrò.

Nígbà tí orúnkún yín ní ó tó gẹ́ẹ́, ẹ di kóòṣì, a kó lọ sí Hamburg. Àwọn kan rò pé iṣẹ́ yín ti parí nìyẹn. Lójú tèmi, ìgbà yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó àwọn ọmọbìnrin Lurup, àdúgbò wa níbẹ̀, jọ, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọmọ Jámánì, ọmọ Tọ́kì, ẹ sì fi wọ́n ṣe ẹgbẹ́ tó gòkè dé líìgì tí àwọn ará Berlin wà. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ máa ń gbé bọ́ọ̀lù sí imú, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni ń yan ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kí lẹ máa ń gbóòórùn ná? Mi ò bi yín rí. Ní ọdún tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àgbáyé wá sí Jámánì, tí àsíá wà lára gbogbo ọkọ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ ń ta bọ́ọ̀lù tiyín mọ́lẹ̀ lọ ní títì. Ọkùnrin kan kígbe láti ojú fèrèsé pé ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi gbá a. Ẹ juwọ́ sí i, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọ̀gá: “Danke, Chef!”

Nígbà tí ẹ lọ, wọ́n ní kí n máa bá yín mójú tó ẹgbẹ́ náà títí wọn yóò fi rí kóòṣì. Àwọn aláṣẹ Verein wa, àjọ eré ìdárayá tó ni ẹgbẹ́ náà, wá sọ fún wa pé tí a bá já sí líìgì ìsàlẹ̀, àwọn máa tú ẹgbẹ́ obìnrin ká. Ó wá ku eré kan ṣoṣo. Tí a bá borí, a dúró. Tí wọ́n bá nà wá, ó tán. Ibo sì ni wọ́n ti fẹ́ gbá a? Hellersdorf.

A bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Àmọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó ti rẹ Sístà Ṣadé. Ẹ ò lè gbàgbé wọn, àwọn lẹ kọ́kọ́ mú wọ ẹgbẹ́. Ọmọbìnrin Berlin kan tó yára bí àṣá ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá ṣáá. Janina, ọmọ Jámánì tó kéré jù nínú wa, wà lórí bẹ́ǹṣì, ara rẹ̀ ń ta. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Àwọn kóòṣì ibí, ìka lásán ni wọ́n fi ń pe èèyàn jáde. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ na ìka sí ẹni tó ń di irun fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé?

Nígbà tí rẹfirí fọn fèrè, mo pè wọ́n. Bí wọ́n ṣe dé iwájú mi, orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ wá sinmi díẹ̀.”

Rẹfirí sáré wá, ó ní ṣé kí àwọn pe dókítà. Ẹnì kan kígbe láti orí ìjókòó pé kóòṣì Hamburg ti ń gbàdúrà!

“Dìde kíá, jàre!” Sístà Ṣadé ló sọ bẹ́ẹ̀. “Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì nibí ni? Dádì ẹ kúnlẹ̀ fún mi rí? Ìwọ ni kóòṣì. Sọ pé kí n jókòó, màá jókòó.”

“Ẹ jókòó, mà.”

“Ẹ̀hẹ́n! Janina, kí lo ń wò? Ọwọ́ òsì nìkan ni ọmọ yẹn mọ̀. Dí i!”

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Janina, ó sì wọlé lọ dí i. Ọmọ Berlin náà wá sí òsì, ó bá Janina níbẹ̀. Ó tún padà wá, ó tún bá a níbẹ̀. Gbogbo ohùn mi ni mo fi pariwo, mo ń fi ìka pe èyí, mo ń fi ìka lé ìyẹn, títí fèrè ìkẹyìn fi dún.

A borí, Dádì! Pọ́ìǹtì méjì péré ni, àmọ́ a borí.

Àwọn aláṣẹ ti pè mí. Wọ́n ní kí n gba iṣẹ́ kóòṣì pátápátá. Mo ní màá gbà á tí Sístà Ṣadé bá máa jẹ́ igbá-kejì mi. Nígbà tí mo sọ fún Sístà Ṣadé, wọ́n ní: “Ọmọ yìí! O ní kí n sinmi díẹ̀, o tún fẹ́ kí n sinmi tán!” Àmọ́ wọ́n gbà.

Ẹgbẹ́ yín kò tú. Lánàá, ọmọ tuntun kan wá sí gbọ̀ngàn, ó kéré débi pé àyà ló fi gbé bọ́ọ̀lù. Ó bi mí pé ta ló dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Mo ní kó jókòó tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti Èkó.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín lánàá, lónìí, títí ayé.