Ràfíù Mú Mi Dé Orí Àpáta Yín

Bàbá mi olóògbé tí mo ṣì ń bá jà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti dé ibẹ̀ o. Ràfíù, ọmọ àbúrò yín tí ẹ kọ́ níṣẹ́ ẹja, ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé mi lọ lóru sórí àpáta abẹ́ òkun tí ẹ ti máa ń pẹja yẹn. Ẹ̀yin kò mú mi débẹ̀ rí torí mo jẹ́ obìnrin. Èmi àkọ́bí yín! Ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Ẹnu Ọ̀wá ni mo máa ń dúró sí, tí màá máa wo ẹ̀yin àti Ràfíù bí ẹ ṣe ń gbé garawa lọ sétí ọ̀sà, tí inú á máa bí mi.

Lójú omi ni owú wá fẹ́ pa mí. Ràfíù fi ọṣẹ dúdú pa ìdí òjé, ó fi okùn sọ ọ́ sísàlẹ̀ òkun, ó fà á sókè, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Yanrìn lẹ̀ mọ́ ọn, a tún sún síwájú. Àṣé ibi tí ọṣẹ balùwẹ̀ wa ń lọ nìyẹn, tí Màámi máa ń tìtorí rẹ̀ bá mi wí! Nígbà tí ọṣẹ gòkè wá láìní yanrìn, ó mọ̀ pé orí àpáta la wà. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó ju ìdákọ̀ró. Ikọ́ yín gan-an ni. Ta ló fún un? Imú yín nìkan lẹ fún èmi?

Mo fa ẹja pupa ńlá kan wọlé fúnra mi, n kò yọ̀. Mo ń retí kí Ràfíù yangàn kí n lè rí ọ̀nà bú u.

Kò yangàn. Nígbà tí à ń bọ̀, ńṣe ló ń bẹ̀ mí kí n sọ fún òun irú èèyàn tí ẹ jẹ́. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àṣé ẹ kì í lanu lójú omi, kí ẹja má baà sá. Ọwọ́ lẹ fi ń júwe gbogbo nǹkan fún un, tí ilẹ̀ bá sì mọ́, òun á gba ilé ìyá rẹ̀ lọ ní Pópó Àgùdà. Kò gbọ́ àlọ́ yín rí. Kò mọ̀ pé ẹ máa ń sín àwọn ará àdúgbò jẹ nídìí oúnjẹ alẹ́, tí ẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú yín. Ó ti pẹ́ tí òun náà ti ń jowú mi.

Oore ló ṣe mí, mo mọ̀. Àlọ́ kan ṣoṣo ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo wo iná Màrínà lọ́ọ̀ọ́kán, mo díbọ́n pé oorun ń kùn mí.

Ẹ bínú sí mi tí ẹ bá fẹ́. Ẹ ti fún un ní òkun. Èyí tó kù, tèmi ni.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni pín yín.