Àwọn Ọmọ Tí Wọ́n Ní Wọ́n Lọ sí Oko Olúpọ̀nnà

                              Agbo Ilé Ọláníyọnu,
                              Ìwó.
                              Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje, 1927.

Mercy, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

“Oko ni Àlàní lọ. Bí wọ́n bá tún bi ọ́, oko ni kó o wí, àbí n ó fi ata sí ọ lẹ́nu.” Ohun tí Ìyá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo mọ́ mi nìyẹn, tí mo fi sá wá sẹ́yìn ilé wá kọ ìwé yìí. Má bínú pé n kò kọ́kọ́ kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé ìyá yín gbádùn? Ṣé Ìbàdàn kò tíì mú ọ gbàgbé wa? Ìwé Kejì ni mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́, ìwọ náà mọ̀, fojú fo àṣìṣe mi.

Àlàní àbúrò mi ti kú, Mercy. Ibà ni. Ojú rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó sì ń bì nǹkan dúdú bí omi aró. Ìdí ilé ìdáná ni bàbá wa sin ín sí, bẹ́ẹ̀ ìjọba ti ní kí a má sin òkú sílé mọ́. Oúnjẹ tí wọ́n bá sè níbẹ̀ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi. A kì í sì kéde òkú ọmọdé, wọ́n á kàn ní ó lọ sóko. Àwọn tó mọ̀ ń kí wa pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Omi wo ló dànù? Omi náà wà nínú ìkòkò Ìyá àgbà títí di ìsinsìnyí, tanwíjí ń jó nínú rẹ̀, a sì ń fi aṣọ sẹ́ ẹ mu. Ó ń rí mi lára.

Wolé-wolé kan wà níbí, Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lárìnwá, tó ya Ìwó àti àwọn ìlú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sórí ìwé ńlá kan. Ibi tí ibà yìí bá wà ni ó ń fi tàdáwà pupa sàmì sí, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò ti da omi ẹlẹ́fọn nù. Ó ti rí Àlàní lórí ẹní rí. Nígbà tó padà wá béèrè rẹ̀, Ìyá àgbà ní, “Ó lọ gba atẹ́gùn ní oko Olúpọ̀nnà, ọmọ mi.” Wolé-wolé wá kọjú sí mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi ni mo sìn ín dé ẹnu odi.” Ó fi tàdáwà sàmì sí Olúpọ̀nnà, ìlú kékeré tó múlé gbè wá. Ilé mẹ́rin mìíràn ní àdúgbò wa ló sọ ohun kan náà. Olúpọ̀nnà wá pọ́n lórí ìwé bí ara ẹni tí èéyi mú, Ìwó wa mọ́ tónítóní.

Lánàá, tí àwọn ará Olúpọ̀nnà gbé iṣu wá sọ́jà, Ṣẹ̀fíátù, ìyàwó ilé kejì sí wa, di imú. Ó ní, “Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ̀yin oníbà, ẹ má fi ta wá lọ́rẹ.” Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Ṣẹ̀fíátù yìí, ọmọ tirẹ̀ náà lọ sóko lóṣù tó kọjá. Itọ́ kún ẹnu mi, n kò mọ ẹni tí ǹ bá tu ú sí lára, òun tàbí èmi fúnra mi.

Ọjọ́ Ajé ni àwọn wolé-wolé ń lọ fọ́ ìkòkò omi ẹlẹ́fọn ní Olúpọ̀nnà, wọn kò ní dé ọ̀dọ̀ wa. Ara Mọ́láyọ̀, àbíkẹ́yìn wa, sì ti ń gbóná láti àná. Ìyá àgbà ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò láàárọ̀, ó ní, “Bó bá le, òun náà á lọ sóko.” Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ adìyẹ.

Bá mi kí ìyá yín àti Tinúkẹ́ àbúrò rẹ. Bí o bá kà á tán, fi ìwé yìí dáná, kí ẹlòmíràn má bàa rí i kà. Wọ́n ní bí ìjọba bá mọ̀, wọn yóò hú Àlàní, wọn yóò sì ti bàbá wa mọ́lé. Síbẹ̀, lọ́la, bí wọ́n bá rán mi lódò, ọ̀dọ̀ wolé-wolé ni n ó gbà lọ. N ó ní kí ó tẹ́ ìwé rẹ̀ sílẹ̀, n ó sì fi ìka ara mi kan ilé wa lórí rẹ̀.

                              Èmi tí o mọ̀ náà ni,
                              Oyèníkẹ́.