Àpò Pupa

Sìdíkátù àbúrò mi, gbé fóònù yẹn sókè kí gbogbo ará ilé lè gbọ́. Ẹ dákẹ́, ẹ fetí sí mi. Ara wa le, oúnjẹ wà nílé, òtútù Kánádà nìkan ló ń yọ wá lẹ́nu ní Rexdale níbí.

Ẹ ní ìjọba ibí ń fún àwọn ọmọ lówó lóṣooṣù. Òótọ́ ni. Àmọ́ Nàfísàt ọmọ mi fi shift kún shift níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, kí àwọn ọmọ lè máa jẹ ẹran. Ìjọba bá ní owó tó ń wọlé fún un ti pọ̀ sí i, wọ́n gé owó ọmọ. Ọ̀gá rẹ̀ tó ń gbé Oakville, àdúgbò àwọn olówó, ńkọ́? Akáńtáǹtì ló ń bá a wá ọ̀nà tí owó orí rẹ̀ fi ń kéré, ó tún ń fi yangàn. Ẹni tó ń sáré ni wọ́n ń gé lẹ́sẹ̀.

Èmi tí mo máa ń pín ẹran Iléyá fún àdúgbò, mo ti ń tò síbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún aláìní. Inú àpò pupa ni wọ́n ń kó o sí. Mo parọ́ fún Nàfísàt pé sàárà mọ́ṣáláṣí ni. Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ o.

Òun ló ń ṣílẹ̀kùn yẹn. Ó ń bọ́ bàtà. Sìdíkátù, àpò pupa ló gbé dání.

"Màámi, colleague mi kan ló fún mi ní oúnjẹ yìí níbi iṣẹ́."

"Ọlọ́run á san án fún un, ọmọ mi. Gbé e wọlé."

Sìdí, bá mi kí gbogbo ilé.