Wọ́n Pàtẹ́wọ́ fún Kẹ́hìndé

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ìbejì. Mo kúnlẹ̀ kí Bàámi, mo kí Bọ̀ọ̀dá mi àti ìyàwó wọn. Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi tó rí wọ́gọwọ̀gọ. Ẹ mọ ibi tí mo kàwé dé, ọ̀rọ̀ kì í yá lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá ń kà á fún yín, kó kà á sókè kí gbogbo ilé gbọ́.

Òjò ò jẹ́ ká rímú mí ní Lálúpọn níbí. Ọkọ mi ń tọ́jú mi, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti bá àwọn dókítà gbé páálí yìnyín tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ sí lọ sí abúlé, ilé á dákẹ́ lé mi lórí. Ìyá Ìbejì, aládùúgbò wa, ló fi mí ṣe ọ̀rẹ́. Á ní, "Ìyàwó, ṣé o ò tíì máa tutọ́ ni?" Ojú á tì mí, inú mi á sì dùn.

Nígbà tí ọkọ mi àti àwọn dókítà mú abẹ́rẹ́ èéyi tuntun dé àdúgbò wa, Táíwò nìkan ni Ìyá Ìbejì gbé wá. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí kó gbé Kẹ́hìndé náà wá. Ó ní ṣebí Kẹ́hìndé ló rán Táíwò wá tọ́ ayé wò, kó bá a tọ́ èyí náà wò. Bí kò bá korò, òun á gbé Kẹ́hìndé wá nígbà tí wọ́n bá padà wá. Gbogbo àwa obìnrin rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó padà wá, èéyi ti wọlé. Kẹ́hìndé kú. Táíwò ò tilẹ̀ wúkọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn dókítà ṣe ìpàdé ńlá n'Ìbàdàn, láti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá ohun tí abẹ́rẹ́ náà ṣe. Ọkọ mi mú mi dání, a jókòó sẹ́yìn pátápátá. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ, ọkọ mi ń túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí. Dókítà àgbà ní ìyá kan, ẹní kan, ọmú kan: ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ yè, èyí tí kò gbà á kú. Wọ́n ní ẹ̀rí tó dájú nìyẹn pé abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Màámi, Kẹ́hìndé àdúgbò wa níbí ni wọ́n ń sọ, wọn ò dárúkọ rẹ̀. Èmi ò lè gbé ọwọ́ mi kúrò lórí itan.

Ẹ ránṣẹ́ pé àwọn elétò ìlera ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, pé nínú ìbejì tiwa, Táíwò ni ìyàwó Bọ̀ọ̀dá mi máa kọ́kọ́ gbé lọ. Màámi, mo fi ọmú tí mo mu bẹ̀ yín, àwọn méjèèjì ni kó gbé lọ. Èéyi kì í dúró kí Kẹ́hìndé gbọ́ èsì iṣẹ́ tó rán.

Ọlọ́run á dá gbogbo wa sí, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹbí àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ bá mi gbàdúrà sí ohun tí ẹ mọ̀ yẹn náà.

Èmi ni ọmọ yín tí ojú yín ń wá,
Fúnmiláyọ̀.

Mo gbàgbé o. Lọ́jọ́ náà, kí ìyàwó wa pọn ọ̀kan, kí ẹ̀yin pọn ìkejì, bí ẹnikẹ́ni bá sì rẹ́rìn-ín, ẹ sọ fún un pé... Ìyá Ìbejì ń pè mí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n wá bá òun gbé Táíwò, mo ní láti lọ.