Òwú Pupa Lára Ìkòkò

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà
Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó gbàgbé. Àwọn tí a bí lọ́dún yìí: àbígbẹ̀yìn mi bí ọmọkùnrin, orí rẹ̀ rìbìtì bíi ti bàbá mi. Ọmọ mi obìnrin bí ìbejì. Ẹni tó ṣègbéyàwó: Ẹyẹ Mi, ọmọ-ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi tọ́, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá. Èmi ni mo kọ gbogbo èyí o. Lọ́dún tó kọjá, ìka ni mò ń tẹ̀.

Ẹyẹ Mi pè mí láàárọ̀. Ó ní kí n bá òun kọ àwọn ohun tí ilé ìdáná tuntun ò gbọdọ̀ ṣaláìní. Ó ní kí n kọ ọ́! Mo jó yí àga ká.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
Wàhálà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti kọ tirẹ̀, ó kà á fún mi lórí fóònù. Ohun mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Ẹ̀rọ tó ń gé ẹyin sísè. Ẹ̀rọ tó ń bó áyù. Ilé ìdáná ọmọ náà ò sì ju àgò adìẹ lọ. Láti òní, Ìyá Páálí ni mo sọ obìnrin yẹn, torí ohun tó bá rà kì í jáde nínú páálí. Mo ti débẹ̀ rí. Ẹ̀rọ ìlọta mẹ́ta — kò sí èyí tó mọ̀ bóyá ata ń ta.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Mo dọ́gbọ́n kan. Ohunkóhun tí mo bá fi dáná láàárín ọjọ́ méje, màá so òwú pupa mọ́ ọn. Èyí tí kò bá ní òwú, ẹrù lásán.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Ọ̀bẹ, òwú. Ìkòkò ńlá, òwú. Asẹ́, òwú. Ṣíbí onígi, òwú. Páànù tí olóògbé ọkọ mi rà fún mi — kò sí òwú. Mo sáré fi dín ẹyin méjì. Ìyẹn kì í ṣe ojóró.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá
Ohun mẹ́jọ péré! Mo kà á sókè ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wa. Tíṣà ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo fi kún un nísàlẹ̀ pé ìyàwó tó mọ ìkòkò lò kò wá ẹ̀rọ kiri. Kí Ìyá Páálí gbé ìyẹn mì.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá
Ìyá Páálí ti gbọ́. Ó pè mí. "Màmá, ohun mẹ́jọ? Ṣé ojú ogun lẹ ń rán ọmọ yín lọ ni?" Mo ní rárá o, ilé ọkọ ni, ẹ̀yin lẹ fẹ́ kó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. A rẹ́rìn-ín. Kò dénú ẹnì kankan. Lọ́jọ́ Àìkú ló ń lọ fi ìwé tirẹ̀ lé Ẹyẹ Mi lọ́wọ́. Èmi ń lọ lọ́la.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
Mo lọ, mo bọ̀. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí bírò dúró lọ́wọ́ mi.

Mo ní kí Ẹyẹ Mi fún mi níyọ̀. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan. Ó ṣí èkejì. Ó ṣí ẹ̀kẹta. Ọkọ rẹ̀ — Ọ̀pẹ ni mò ń pè é, torí gíga — pariwo láti pálọ̀: "Apá òsì, lẹ́yìn ṣúgà!"



Mo ní ta ló ń dáná níbí? Ẹyẹ Mi wolẹ̀. "Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ìyá rẹ̀. Èmi ni mò ń fọ abọ́."

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àgbà méjì kọ̀wé gbọọrọ, a ò béèrè ẹni tó máa di ọ̀bẹ mú.

Ọ̀pẹ sebẹ̀ fún mi. Mo jẹ, mo tún bù. Ó dùn ju tèmi lọ; inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè sọ ọ́. Àmọ́ bó ṣe tẹ̀ kọdọrọ sórí tábìlì tí kò ga ju itan rẹ̀ lọ! Ó ń fi ọ̀bẹ tí kò mú rẹ́ àlùbọ́sà, ó ń fọwọ́ ti ẹ̀yìn. Mo ka tèmi fún un, mo sọ èyí tí mo rántí nínú ti ìyá rẹ̀, mo ní kó yàn. Ó rọra ní kí n má bínú: ọ̀bẹ gidi kan, kí wọ́n sì bá òun gbé tábìlì ga. Tábìlì ò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n ilé onílé.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Ìyá Páálí débẹ̀, ó bá Ẹyẹ Mi nídìí ìkòkò, ó ń ro ọbẹ̀ tí Ọ̀pẹ ti sè tán. Èmi ni mo kọ́ ọ: ṣáà máa rò ó. Ó pè mí, ó ní ọbẹ̀ ìyàwó òun dùn débi pé òun gbàgbé ẹ̀rọ ẹyin, ẹni tó kọ́ ọ kú iṣẹ́. Mo ní rárá o, láti ilé yín lọ́hùn-ún ni ọbẹ̀ yẹn ti wá. Ó ní ẹ ò rí i bí màmá yìí ṣe níwà tútù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún
Mo kọ ìwé mìíràn. Owó tí mo ń fi ránṣẹ́: ẹgbẹ̀rún méjìlá fún ọ̀bẹ. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún káfíńtà, kó gbé tábìlì dé ìbàdí Ọ̀pẹ. Ẹgbẹ̀rún méjì fún aṣọ ìdáná — kó gùn dáadáa. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún. Mo so òwú pupa mọ́ ọn.